Ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ajílẹ̀ oko: bí omi òkè ṣe ń bọ́ koríko ìsàlẹ̀

Ọ̀sà Àjàṣẹ́ ni omi tó wà ní gúúsù ìlú Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin. Ọ̀nà omi kan tí wọ́n ń pè ní Totchè so ó mọ́ adágún Nokoué ní ìwọ̀-oòrùn. Ní ìlà-oòrùn, ó bá omi Àgbádárìgì lọ títí dé Èkó. Lọ́dọọdún, nígbà tí odò bá kún, koríko tútù máa ń bo apá púpọ̀ nínú omi yìí. Ọkọ̀ á há, àwọ̀n á fàya, ẹja á ṣọ̀wọ́n lọ́jà.

Koríko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń di ẹ̀bi rù. Ṣùgbọ́n koríko kì í dàgbà láìjẹun. Oúnjẹ rẹ̀ ń ti orí ilẹ̀ wá, láti ìlú àti láti oko, apá kan nínú rẹ̀ sì ń ti ilẹ̀ àwọn ènìyàn wa ní òkè odò wá, láti Ṣábẹ̀ẹ́ àti láti ẹkùn Kétu. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọ̀sà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará etí omi nìkan. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ọ̀nà tí omi ń gbà, orúkọ àwọn koríko náà, ohun tí wọ́n ń jẹ, àti ohun tí a lè ṣe.

Ọ̀nà tí omi ń gbà

Odò Ouémé, tí àwọn ará àfonífojì rẹ̀ ń pè ní Wémè, gùn ju 500 kìlómítà lọ. Ó ṣẹ̀ ní àwọn òkè àríwá ìwọ̀-oòrùn Benin, ó sì ń ṣàn wá sí gúúsù. Ṣábẹ̀ẹ́ wà láàárín òun àti odò Okpara, èyí tó jẹ́ ààlà Benin àti Nàìjíríà ní apá ibẹ̀. Okpara fúnra rẹ̀ ń wọ inú Ouémé ní ìsàlẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ̀yìn èyí ni Ouémé gba ìwọ̀-oòrùn Kétu kọjá, tí odò Zou sì wá pàdé rẹ̀. Nígbà tó bá dé Bonou, ilẹ̀ á tẹ́jú, odò á fẹ̀, á gba Adjohoun, Dangbo àti Aguégués, kí ó tó tú sínú ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 150 kìlómítà onígun mẹ́rin.

Èyí túmọ̀ sí pé òjò tó bá rọ̀ sórí oko kan ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí ilẹ̀ kò sì fà á mu, ọ̀sà ni yóò já sí. Òjò àríwá máa ń pọ̀ jù láti oṣù keje títí di oṣù kẹsàn-án. Omi rẹ̀ á dé ìsàlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, àfonífojì á sì kún.

Àwọn ará àfonífojì ti mọ bí a ṣe ń bá omi yìí gbé láti ìgbà pípẹ́. Bí omi bá fà, ó máa ń fi ẹrẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbin àgbàdo, ata àti ẹ̀fọ́ sí. Wọ́n máa ń gbẹ́ kòtò gígùn, tí wọ́n ń pè ní whédo, kí ẹja lè há sínú rẹ̀ nígbà tí omi bá ń padà sẹ́yìn. Nínú adágún, wọ́n ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ kí ẹja lè wá sá sí i kí wọ́n sì bí sí i: èyí ni acadja. Láyé ìgbà yẹn, ẹ̀kún omi gan-an ni ajílẹ̀ wọn.

Ní ọdún 1885 ni àwọn Faransé la ọ̀nà omi sí òkun ní Kútọnu kí omi má baà bo ìlú náà mọ́. Láti ìgbà náà, omi adágún ń jáde tààrà sí òkun nígbà ẹ̀kún, omi òkun sì ń wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí nìyí tí omi fi ń dùn ní apá kan ọdún tó sì ń ní iyọ̀ ní apá kejì. Ìyípadà yìí ṣe pàtàkì fún ohun tí a fẹ́ sọ nípa koríko. Ní ọdún 2000, wọ́n kọ àfonífojì ìsàlẹ̀ Ouémé, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué sínú ìwé Ramsar, tí í ṣe àkójọ àwọn àbàtà àti ilẹ̀ olómi tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé.

Àwọn koríko omi àti orúkọ wọn

Kì í ṣe koríko kan ṣoṣo ló wà lórí omi wa. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èkíní ni *ojú oró*. Ewé rẹ̀ rọ̀, ó ṣùpọ̀ bí sàláàdì, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń rọ̀ sínú omi láìkan ilẹ̀. Èkejì ni *òṣíbàtà*. Gbòǹgbò tirẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀, ewé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lórí omi, ó sì máa ń yọ òdòdó. Àwọn méjèèjì ti wà lẹ́nu àwọn bàbá wa tipẹ́. A ń fi wọ́n wúre pé bí wọ́n ṣe ń lékè omi ni kí orí wa máa lékè. Ewé Ọ̀ṣun ni wọ́n, wọ́n sì bá àwọn ènìyàn wa sọdá òkun: ní ilé Candomblé ní Brazil, orúkọ wọn ṣì ni ojuorô àti oxibatá. Pierre Fátúmbí Verger, tó di babaláwo ní Kétu ní àwọn ọdún 1950, wà lára àwọn tó kọ orúkọ irú ewé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì òkun.

Ẹ̀kẹta ni *jacinthe d'eau*. Igi ewé rẹ̀ wú bí kànìnkànìn, òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò fífúyẹ́, ó sì rẹwà lójú. Àgbègbè odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí i ní ilẹ̀ Benin. Orúkọ Faransé ni ọ̀pọ̀ ń pè é ní Àjàṣẹ́, èyí náà sì jẹ́ ẹ̀rí: kò sí i nínú ìwúre àtijọ́, kò sì sí lára ewé òrìṣà, nítorí àlejò ni.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn ewéko kéékèèké tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní *algues*. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ewé-omi ni a ó máa pè wọ́n. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ ni a ń mọ̀ pé wọ́n wà: omi á di aláwọ̀ ewé bí omi tí a fi fọ ẹ̀fọ́, á sì máa yọ̀ lọ́wọ́.

Bí ajílẹ̀ ṣe ń di koríko

Ohun méjì ni gbogbo ewéko yìí ń wá jù: náítírójìn, tí Faransé ń pè ní azote, àti phosphore. Ohun méjì yìí kan náà ni àgbẹ̀ ń rà nínú àpò engrais. Fún òwú, tó jẹ́ ohun ọ̀gbìn pàtàkì ní agbègbè àwọn òkè àárín orílẹ̀-èdè títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, engrais alápòpọ̀ àti urée ni wọ́n ń lò. Nínú ìwọ̀n urée 100, 46 jẹ́ náítírójìn. Bí àpò kan bá wọn kílógíráàmù 50, náítírójìn inú rẹ̀ jẹ́ 23.

Ohun ọ̀gbìn kì í jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Urée máa ń yọ́ nínú omi bí iyọ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lẹ́yìn tí a ti fọ́n ọn sórí ilẹ̀, àgbàrá á gbé e lọ, tàbí kí ó rì kọjá ibi tí gbòǹgbò lè dé. Ìwà phosphore yàtọ̀: ó máa ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀. Ibi tí erùpẹ̀ bá lọ ló ń lọ. Nítorí náà, oko tí a ro mọ́lẹ̀ dé etí odò, tí kò sí koríko tàbí igi tó dí àgbàrá lọ́wọ́, ń fún odò ní oúnjẹ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí omi ẹ̀kún bá dé ọ̀sà, ó ti dùn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì kún fún oúnjẹ. Ohun tí jacinthe d'eau fẹ́ gan-an nìyẹn. Bí ààyè bá gbà á, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Á tẹ́ bí ẹní, oòrùn kò ní ráyè wọ inú omi, afẹ́fẹ́ kò ní fẹ́ ojú omi dáadáa mọ́. Ní ti ewé-omi, lójú ọ̀sán ni wọ́n ń fi ọ́síjìn sínú omi, ṣùgbọ́n lóru wọ́n ń gbà á padà. Bí wọ́n bá ti pọ̀ jù, ọ́síjìn á tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹja á wá sókè láfẹ̀mọ́júmọ́, á máa la ẹnu lójú omi.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí omi òkun sì gba ọ̀nà Kútọnu wọlé, iyọ̀ á pa jacinthe d'eau. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní ọ̀ràn ti tán. Kò tíì tán. Koríko tó kú á rì, á jẹrà, á tún gba ọ́síjìn tó kù nínú omi, oúnjẹ tó ti jẹ á sì padà sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kún mìíràn bá dé, á bá oúnjẹ àná nílẹ̀, á sì kó tuntun lé e. Ìwé ìwádìí tí Daouda Mama kọ ní Yunifásítì Limoges ní ọdún 2010 dá lórí irú àpọ̀jù oúnjẹ yìí nínú adágún Nokoué. Eutrophisation ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ohun tí àwọn ènìyàn pàdánù

Àwọn onímọ̀ ti ka àdánù náà. Ìwádìí tí De Groote àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2003 bá ọkùnrin àti obìnrin 365 sọ̀rọ̀ ní abúlé 24 ní gúúsù Benin. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nígbà tí jacinthe d'eau pọ̀ jù lọ, àwọn ènìyàn bí 200,000 tó ń gbé níbẹ̀ ń pàdánù owó tó tó mílíọ̀nù 84 dọ́là Amẹ́ríkà lọ́dún. Ìpàdánù ọkùnrin pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹja pípa. Ti obìnrin pọ̀ jù nínú òwò, pàápàá òwò oúnjẹ àti ẹja.

Ó yẹ kí á dúró lórí gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí. Ní àwọn ìlú orí omi bíi Ganvié, àti ní Aguégués, ọkọ̀ ni ẹsẹ̀. Òun ló ń gbé obìnrin lọ sọ́jà, òun ló ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, òun náà ló ń gbé aboyún lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí. Bí koríko bá dí ojú omi, kì í ṣe ẹja nìkan ló há. Ọjà Àjàṣẹ́ náà á mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé ọ̀nà omi ni ẹja, ata àti ẹ̀fọ́ àfonífojì ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn alájàpá wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bretagne

Àwọn kan á sọ pé ajílẹ̀ oko kò lè pọ̀ tó láti ba omi ńlá jẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù ni Bretagne, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, tí àwa tó kàwé lédè Faransé ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lóòrèkóòrè.

Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti kúrò nínú oko kékeré bọ́ sínú sísin ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ lọ́pọ̀lọpọ̀, débi pé ó ju ìdajì ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Faransé lọ tó wà ní ẹkùn kan ṣoṣo yìí. Wọ́n ń da ìgbẹ́ ẹran sórí oko, wọ́n sì ń fi engrais kún un. Náítírójìn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú àwọn odò kéékèèké tó ń wọ òkun. Láti àwọn ọdún 1970, irú ewé-omi kan tó tẹ́ bí ewé sàláàdì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn sí etíkun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Bí òkìtì rẹ̀ bá jẹrà, ó máa ń tú èéfín olóró jáde tó ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́.

Ní ọdún 2009, ẹṣin kan kú nínú rẹ̀ ní Saint-Michel-en-Grève, ẹni tó gùn ún sì dákú. Ní ọdún 2011, ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó ju 30 lọ kú ní ẹnu odò Gouessant. Ní ọdún 2009 kan náà, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Nantes dájọ́ pé Ìjọba ni ó jẹ̀bi nítorí kò mú òfin omi ṣẹ. Ní ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ náà tún dá Ìjọba lẹ́bi lórí ikú ọkùnrin kan tó kú ní ọdún 2016 nígbà tó ń sáré ní etí omi yẹn.

Omi iyọ̀ ni tiwọn, omi tó ń yí padà ni tiwa. Ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ló pọ̀ jù ní tiwọn, a kò sì lè fi oko Ṣábẹ̀ẹ́ wé oko Bretagne. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ méjì wà níbẹ̀ fún wa. Àkọ́kọ́, kíkó koríko kúrò létí omi lọ́dọọdún kò wo àrùn náà sàn. Àfi ìgbà tí náítírójìn bá dínkù nínú odò. Èkejì, ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ fi ń bá ara wọn jà, ará etíkun ń bú àgbẹ̀, àgbẹ̀ ń bú ará etíkun. Ó yẹ kí àwa mọ̀ ọ́n kí irú ìjà bẹ́ẹ̀ tó dé àárín wa.

Àgbẹ̀ nìkan kọ́

Òótọ́ gbọ́dọ̀ pé. Oko kọ́ ni gbogbo ọ̀ràn náà. Kútọnu, Abomey-Calavi àti Àjàṣẹ́ ti fẹ̀ gan-an, omi ẹ̀gbin ilé, ṣáláńgá àti ìdọ̀tí ọjà sì ń wọ inú adágún àti ọ̀sà. Ìgbẹ́ ènìyàn àti omi ọṣẹ ní náítírójìn àti phosphore nínú bíi ti engrais. Ẹ̀ka igi acadja náà ń jẹrà, ó sì ń mú kí ìsàlẹ̀ omi máa ga sí i. Ará ìlú, apẹja àti àgbẹ̀, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tán.

Àgbẹ̀ òkè odò pàápàá ń pàdánù. Engrais tí àgbàrá gbé lọ, owó rẹ̀ ni, tàbí gbèsè tí yóò san nígbà tí ó bá ta òwú. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ibi tí ire àgbẹ̀ òkè àti ire apẹja ìsàlẹ̀ ti pàdé gan-an nìyí: kí àwọn méjèèjì má gbà fún àgbàrá.

Ohun tó ṣeé ṣe, àti ohun tí a ti ṣe

Ní ọdún 1991, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí olú ilé rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í tú kòkòrò kékeré kan sílẹ̀ sórí omi Benin. Gúúsù Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá, jacinthe d'eau sì ni oúnjẹ rẹ̀. Kò pa koríko náà run, ṣùgbọ́n ó dín agbára rẹ̀ kù. Ìwádìí ọdún 2003 tí a mẹ́nu bà ṣírò rẹ̀ pé iṣẹ́ kòkòrò yìí dá owó tó lé ní mílíọ̀nù 30 dọ́là padà fún àwọn ènìyàn lọ́dún, nígbà tí gbogbo ìnáwó iṣẹ́ náà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì.

Ọ̀nà kejì ni láti kó koríko náà kúrò kí ó tó kú sínú omi. Koríko tí a bá fà sórí ilẹ̀ ti kó oúnjẹ àpọ̀jù jáde pẹ̀lú ara rẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí ó jẹrà dáadáa, ajílẹ̀ ni fún ọgbà ẹ̀fọ́. Ní Àjàṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Songhaï, tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, ti pẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé ìdọ̀tí iṣẹ́ kan lè jẹ́ oúnjẹ iṣẹ́ kejì. Ní Kútọnu, ilé iṣẹ́ Green Keeper Africa ń gbẹ jacinthe d'eau, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n sì ń tà á fún fífa epo tó dà sílẹ̀ mu.

Ọ̀nà kẹta wà ní òkè odò, òun ló sì pẹ́ jù kí ènìyàn tó rí èrè rẹ̀. Kí àgbẹ̀ pín urée sí ìgbà méjì tàbí mẹ́ta dípò kí ó fọ́n ọn tán lẹ́ẹ̀kan. Kí ó bò ó mọ́lẹ̀. Kí ó má fọ́n ọn nígbà tí òjò ńlá bá ń ṣú. Kí ó kọ ebè dínà àgbàrá, kí ó má kọ ọ́ tẹ̀lé e. Kí a fi igbó etí odò sílẹ̀, kí a má ro ó dé ẹnu omi. Àwọn àgbẹ̀ gúúsù Benin sì ti lo mucuna láti ìparí àwọn ọdún 1980. Ìbátan wèrèpè ni, ṣùgbọ́n eléyìí kì í yún ni lára. Ó ń pa èèkan, ó ń bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ wá fún ilẹ̀ láìsí pé a ra àpò kankan.

Òfin wà lẹ́yìn wa pẹ̀lú. Òfin ìṣàkóso omi ti ọjọ́ 24, oṣù kọkànlá, ọdún 2010 ní kí a máa wo odò kan gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo, láti orísun dé ẹnu rẹ̀. Ohun tí bàbá wa mọ̀ ni òfin náà sọ.

Iṣẹ́ tó kàn ẹgbẹ́ wa

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wà ní òkè odò, wọ́n sì wà ní ìsàlẹ̀. Bí àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu bá wá sí ìpàdé ní Àjàṣẹ́, ẹja ọ̀sà ni a fi ń ṣe wọ́n lálejò. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ omi wà lára ohun tí a ń bá ara wa sọ níbẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin olùwádìí. Ẹ bi àwọn àgbà ní orúkọ tí wọ́n ń pe koríko omi kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka èdè yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ bi àwọn apẹja ní orúkọ ẹja tí wọ́n ń pa tẹ́lẹ̀ tí wọn kò rí mọ́, àti ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ẹ bi àwọn àgbẹ̀ òkè odò bí etí omi ṣe rí nígbà èwe wọn, igi tó wà níbẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n gé e. Ẹ fi ohun tí ẹ bá gbọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé. A ó tò ó pọ̀ sí ojú ewé yìí, kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀ pé ojú oró ti ń lékè omi Àjàṣẹ́ kí àlejò tó dé.